Bí àwọn dókítà ṣe ń ṣírò ìgbóná tí wọ́n fi ń wo ọkàn tí lílù rẹ̀ dàrú

Bí dókítà bá fẹ́ fi iná wo ọkàn tí lílù rẹ̀ ti dàrú, ewu méjì ni ó gbọ́dọ̀ yẹra fún. Bí iná náà bá kéré jù, àìsàn náà lè padà wá. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè dá ihò sí ara ọkàn, tàbí kí ó jó ẹ̀yà ara mìíràn tí ó wà nítòsí. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé dókítà kò lè fi ojú rí bí inú ẹran ọkàn ṣe gbóná tó nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn, àwọn onímọ̀ físíìsì àti àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980, kí wọ́n lè máa sọ ibi tí ìgbóná náà yóò dé kí ó tó dé ibẹ̀.

Ohun tí ó ń mú kí ọkàn lù

Iná mànàmáná kékeré tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè ni ó ń mú kí ọkàn lù. Ní apá òkè ọkàn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ojúko kan wà tí àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Keith àti Martin Flack, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1907. Láti ojúko yìí ni àṣẹ ti ń jáde ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Àṣẹ náà yóò kọ́kọ́ gba inú ìyẹ̀wù méjì tí ó wà lókè ọkàn kọjá, yóò dúró díẹ̀ ní àárín, lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀kalẹ̀ sí ìyẹ̀wù méjì ti ìsàlẹ̀, àwọn tí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti sí gbogbo ara.

Ìdàrúdàpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ibòmíràn nínú ọkàn bá ń pa àṣẹ tirẹ̀, tàbí nígbà tí ọ̀nà kan tí kò yẹ kí ó wà bá ń jẹ́ kí iná náà máa yí po láìdáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn a máa mọ̀ ọ́n lára: àyà wọn yóò máa já, ọkàn wọn yóò máa sáré, òòyì yóò máa kọ́ wọn, èémí wọn kò ní délẹ̀. Àwọn mìíràn kò ní mọ ohunkóhun.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbàlagbà ni èyí tí ìyẹ̀wù òkè ọkàn kò ní lù dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n tí yóò kàn máa gbọ̀n rìrì. Ẹ̀jẹ̀ a máa dúró sójú kan nínú irú ìyẹ̀wù bẹ́ẹ̀, ó sì lè dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ṣí kúrò níbẹ̀ tí ó gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ni yóò yọrí sí. Ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fún ẹni tí ó ní àìsàn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in.

Iná tí ó ń wo ọkàn

Oògùn ni a sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Nígbà tí oògùn kò bá ràn án, tàbí tí ara aláìsàn kò bá gba oògùn náà, àwọn dókítà lè lo kátítà. Kátítà jẹ́ tùúbù tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ, tí irin kékeré wà ní ẹnu rẹ̀. Wọn yóò gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lókè itan wọlé, wọn yóò sì rọra tì í títí yóò fi dé inú ọkàn. Wọn kò ní la àyà aláìsàn rárá. Nígbà tí wọ́n bá rí ibi tí àṣẹ òdì ti ń wá, wọn yóò jó ibẹ̀ kí ó lè di àpá. Àpá kò lè gbé iná mànàmáná kọjá, nítorí náà àṣẹ òdì náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ní ọdún 1982, Melvin Scheinman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe lo ọ̀nà yìí fún ènìyàn. Iná mànàmáná alágbára tí ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lò nígbà náà, ó sì ṣòro láti kó níjàánu. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí ni iná ìgbì rédíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀, nítorí pé dókítà lè dín in kù tàbí kí ó fi kún un bí ó bá ṣe fẹ́. Ní ọdún 1998, Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ṣe àyẹ̀wò àwọn aláìsàn 45 tí ìyẹ̀wù òkè ọkàn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n rí i pé ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ojúko tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ìdàrúdàpọ̀ náà wà nínú àwọn iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà láti fi àpá yí ẹnu àwọn iṣan wọ̀nyí ká, bí ìgbà tí a bá mọ odi yí ilé ká.

Odi tí ó ní àlàfo kò lè dá olè dúró. Bí ojú kan péré nínú àpá náà kò bá jó dé ìsàlẹ̀, àṣẹ òdì lè gba ibẹ̀ jáde. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbóná ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìgbóná ti ń wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé irin ẹnu kátítà ni ó gbóná, bí irin tí alágbẹ̀dẹ ń fi sínú iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná tí ó ń yí padà ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń jáde láti ẹnu irin náà. Ó yára ju ohun tí ẹran ọkàn lè dáhùn sí lọ, nítorí náà kì í mú kí ọkàn fò sókè. Láti ẹnu kátítà ni yóò ti gba inú ara kọjá lọ sí abala kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ ara aláìsàn, ní ẹ̀yìn tàbí ní itan. Ẹran ọkàn a máa ṣe ìdènà fún iná yìí bí ó ti ń kọjá, ìdènà yẹn gan-an ni ó sì ń di ìgbóná, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì ṣe ń gbóná bí a bá fi wọ́n ra ara wọn.

Ìgbóná tí iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ń pèsè kì í jìnnà. Mìlímítà kan sí méjì ni ó ń dé láti ẹnu irin náà. Ìṣirò fi hàn pé bí a bá sún sẹ́yìn dé ìlọ́po méjì ìwọ̀n ibi tí a wà sí àárín gbùngbùn irin náà, ìgbóná tí iná mànàmáná ń pèsè níbẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ohun tí ó ń jó ẹran tí ó wà jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ìgbóná tí ó ń ràn láti ara ẹran kan sí òmíràn, bí ó ti máa ń ràn gba ara ṣíbí irin tí a gbàgbé sínú ọbẹ̀ gbígbóná. Ìgbóná tí ó ń ràn yìí kì í yára. Ó ń gba àkókò.

Ìwọ̀n ìgbóná méjì ni àwọn dókítà ń fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni 50°C. Bí ẹran ọkàn bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n yìí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ yóò kú, wọn kò sì ní jí mọ́. Bí kò bá dé ibẹ̀, sẹ́ẹ̀lì lè dákú fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìkejì ni 100°C, níbi tí omi ti ń hó. Bí inú ẹran bá gbóná dé ibẹ̀, omi inú rẹ̀ yóò di ooru, ooru náà yóò sì wá ọ̀nà jáde. A máa bú gbàù nígbà mìíràn, débi pé àwọn tí ó wà nínú yàrá lè gbọ́ ọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè fa ẹran ọkàn ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa jò sínú àpò tí ó bo ọkàn. Láàárín ìwọ̀n méjì yìí ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúró sí.

Ìdí tí òṣùwọ̀n ẹnu kátítà kò fi tó

Òṣùwọ̀n ìgbóná kékeré kan wà nínú ẹnu kátítà. Ènìyàn lè béèrè pé kí ló wá kù tí a ń ṣírò? Ìdáhùn náà ni pé ìgbóná irin ni òṣùwọ̀n náà ń sọ, kì í ṣe ìgbóná ẹran. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ṣàn nínú ọkàn ń mú irin náà tutù. Nínú ọ̀pọ̀ kátítà òde òní, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tún wà tí omi iyọ̀ ń gbà jáde láti tu ẹnu irin náà lára, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ ọn. Bí omi yìí bá ṣe ń ṣàn, òṣùwọ̀n lè máa sọ pé ìgbóná kò tó nǹkan, nígbà tí inú ẹran ti ń sún mọ́ ibi tí omi ti ń hó.

Iṣu tí a fi sínú iná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jó, inú rẹ̀ a sì wà ní tútù. Ti ẹran ọkàn lábẹ́ kátítà olómi yàtọ̀: ojú ẹran ni ó tutù, mìlímítà díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ sì ni ibi tí ó gbóná jù wà. Ohun kejì tí ó tún ṣòro ni pé ìgbóná kì í dúró ní kété tí dókítà bá pa iná. Bí a bá yọ igi kúrò lábẹ́ ìkòkò, ọbẹ̀ inú rẹ̀ yóò ṣì máa hó díẹ̀. Bákan náà ni ìgbóná ṣe máa ń ràn wọ inú ẹran lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn tí a ti pa iná. Dókítà tí ó bá dúró títí ìgbóná fi dé ibi tí ó fẹ́ kí ó tó pa iná ti pẹ́ jù.

Ìṣirò tí ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ènìyàn

Ìpìlẹ̀ ìṣirò tí a ń lò lónìí wá láti ọwọ́ Harry Pennes, dókítà kan ní ìlú New York. Ní ọdún 1948, ó tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ìgbóná ṣe pín sí inú apá ènìyàn. Ó fi àwọn òṣùwọ̀n ìgbóná tẹ́ẹ́rẹ́ sínú apá àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn, ó sì kọ ìṣirò kan tí ó lè ṣàlàyé ohun tí ó rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn ni ó ń rò nígbà náà, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ bá a mu.

A lè sọ ìṣirò náà láìlo àmì kankan. Bí a bá mú ẹran kékeré kan, ìgbóná rẹ̀ yóò lọ sókè tàbí sódò nítorí nǹkan mẹ́ta: ìgbóná tí ó wọlé tàbí tí ó jáde láti ara ẹran tí ó yí i ká, ìgbóná tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá tàbí tí ó gbé lọ, àti ìgbóná tí ẹran náà fúnra rẹ̀ ń pèsè. Nínú ti kátítà, a ó fi ìgbóná tí iná mànàmáná ń pèsè kún un. Bí ẹni tí ó ń ṣe ìwé owó ni: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti iye tí ó ṣẹ́ kù.

Ní ọdún 1989, David Haines àti Denny Watson ní Amẹ́ríkà tẹ ìṣirò ìgbóná jáde fún iná ìgbì rédíò nínú ọkàn, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí nínú ẹran ọkàn ajá yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Kọ̀ǹpútà yóò gé àwòrán ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti kátítà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé kéékèèké. Yóò kọ́kọ́ ṣírò iye iná mànàmáná tí ó gba inú ègé kọ̀ọ̀kan kọjá, yóò ṣírò ìgbóná tí ó ti ibẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ni yóò sún síwájú díẹ̀díẹ̀ nínú àkókò, tí yóò sì tún un ṣe. Ní ìparí, yóò ya ààlà yí gbogbo ègé tí ó dé 50°C ká. Ààlà yẹn ni ó ń sọ bí àpá náà yóò ṣe fẹ̀ tó àti bí yóò ṣe jìn tó. Enrique Berjano ní ìlú Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì kọ àkójọ kan ní ọdún 2006 nípa irú iṣẹ́ báyìí àti àwọn ìṣòro tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Ìṣòro náà kò kéré. Bí ẹran bá ṣe ń gbóná ni ìdènà rẹ̀ fún iná mànàmáná ń dín kù, nítorí náà ìṣirò tí a ṣe fún ẹran tútù yóò ṣìnà bí a kò bá tún un ṣe. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn bákan náà níbi gbogbo nínú ọkàn. Ọkàn fúnra rẹ̀ ń lù, àyà ń gòkè sódò pẹ̀lú èémí, kátítà sì lè yẹ̀. Ògiri ìyẹ̀wù òkè lè má ju mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, nígbà tí ti ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Kò sí ọkàn méjì tí ó rí bákan náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń yẹ ìṣirò wò nínú ẹran tí a fi sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, tàbí nínú ohun tí ó dà bí ẹ̀kọ dídì tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ó bá ti gbóná, kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ohun tí dókítà ń wò nínú yàrá iṣẹ́

Nígbà tí aláìsàn bá wà lórí ibùsùn, àmì mẹ́ta ni ó ń ran dókítà lọ́wọ́ jù. Àkọ́kọ́ ni ìdènà iná mànàmáná fúnra rẹ̀, tí ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí 100 óòmù ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rọra lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 10 óòmù, ó túmọ̀ sí pé ẹran ń gbóná. Bí ó bá ṣàdédé fò sókè, ewu ti dé nìyẹn, iná sì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Ìkejì ni bí ẹnu kátítà ṣe tẹ ẹran tó. Àwọn kátítà kan lè wọn èyí ní gíráàmù. Bí kò bá tó gíráàmù mẹ́wàá, inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iná náà yóò ṣòfò sí. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè gún ọkàn. Ìkẹta ni agbára iná àti iye àkókò tí a fi lò ó.

Kọ̀ǹpútà lè pa agbára, àkókò àti títẹ̀ yìí pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó ń fi bí àpá ṣe jìn tó hàn. Àwọn dókítà ní ìlú Bruges ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ìlànà kan nínú èyí tí nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ dé 550 ní iwájú ìyẹ̀wù òkè, ṣùgbọ́n 400 péré ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ojú àpá kan kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì ju mìlímítà mẹ́fà lọ. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ìwọ̀n ìgbóná. Ó jẹ́ ìfojúdíwọ̀n tí a kọ́ láti inú àyẹ̀wò lára ẹranko, dókítà kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa ojú dé sí àwọn àmì yòókù.

Ìṣirò ìgbóná tún ti yí àkókò iṣẹ́ náà padà. Tẹ́lẹ̀, 30 wáàtì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ó wọ́pọ̀. Lónìí, àwọn mìíràn ń lo 50 wáàtì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tàbí 90 wáàtì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kí ìgbóná tí ó ń ràn má sì ní àkókò láti jìnnà. Àpá tí ó ń ti ibẹ̀ wá a máa fẹ̀ ju bí ó ṣe jìn lọ, èyí tí ó bá ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ mu.

Aládùúgbò tí kò ṣẹ̀

Ìdí tí wọ́n fi ń dín iná kù ní ẹ̀yìn ìyẹ̀wù òkè ni pé ọ̀nà oúnjẹ, èyí tí ó ti ọ̀fun lọ sí inú ikùn, gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá. Mìlímítà díẹ̀ ni ó wà láàárín wọn. Ní ọdún 2004, àwọn dókítà ní ìlú São Paulo ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àti àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Ítálì, ròyìn àwọn aláìsàn tí ihò ṣí láàárín ọkàn wọn àti ọ̀nà oúnjẹ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Nínú ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2023, tí ó kó iṣẹ́ tí ó lé ní 550,000 jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nǹkan bí ẹnì kan nínú 4,000 ni ó bá ìṣòro yìí pàdé. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni ó kú.

Àwọn dókítà a máa fi òṣùwọ̀n ìgbóná sínú ọ̀nà oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà lè má wà ní ojú ibi tí ó gbóná jù, ìgbóná sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi yìí ni ìṣirò ti wúlò jù: ó lè sọ ṣáájú pé bí ògiri bá tinrín tó báyìí, iye iná báyìí kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá báyìí.

Ọ̀nà tuntun kan tún ti dé, èyí tí ó ń lo iná mànàmáná kúkurú, alágbára, láti lu ihò wẹ́wẹ́ sí ara sẹ́ẹ̀lì dípò kí ó fi ìgbóná pa á. Àjọ FDA tí ó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ fún ìyẹ̀wù òkè tí ń gbọ̀n ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ewu rẹ̀ fún ọ̀nà oúnjẹ kéré. Síbẹ̀, iná náà ṣì ń mú ìgbóná díẹ̀ wá bí a bá lò ó léraléra, nítorí náà ìṣirò kò tíì parí iṣẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí aláìsàn àti ẹbí mọ̀

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré láìnídìí, tàbí tí ó ń lù ségesège, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò iná ọkàn. Bí ó bá tún dákú tàbí tí àyà ń dùn ún, kí ó má ṣe jáfara.

Ẹni tí wọ́n bá ti fi kátítà wo ọkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró fúnra rẹ̀. Ó kéré tán, oṣù méjì ni wọ́n sábà máa ń lò ó lẹ́yìn iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn yóò sì lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ibà, ìrora àyà, ìṣòro nígbà tí ó bá ń gbé oúnjẹ mì, tàbí àmì rọpárọsẹ̀ bá yọjú láàárín oṣù méjì lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má ṣe rò pé ibà lásán ni. Kí wọ́n sọ fún dókítà tí wọ́n bá bá níbẹ̀ pé wọ́n ti fi iná wo ọkàn rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí dókítà tí kò bá mọ̀ lè máa tọ́jú ibà nígbà tí ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè gba ẹ̀mí là.